Ọjọ́ Tí Mo Gba Fúrídọ̀mù

Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Pápá Àjàó, ọ̀rọ̀ òyìnbó kan wà tí kì í sinmi: fíríì. Oníbàárà tí kò fẹ́ kí aṣọ fún òun pinpin á ní, "Ẹ jẹ́ kó fíríì o." Ahun á ní ká bá òun pààrọ̀ síìpù ní fíríì. Bí ariwo àwa ọmọṣẹ́ bá sì pọ̀ jù, ọ̀gá wa, tí à ń pè ní Àǹtí, á jágbe mọ́ wa: "Ẹ fíríì mi, jàre!"

Ní tèmi, fúrídọ̀mù ni mo ń wá, ọjọ́ tí ọ̀gá máa gbàdúrà fún ọmọṣẹ́, tó máa fún un ní àlùmọ́gàjí tuntun, táá ní kó máa lọ. Ọdún mẹ́ta ni mo ti fi ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù wa, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ojú lásán wọn Àǹtí, kó o rán gáùn fún un láìfọwọ́ kan téèpù. Bí kò bá bá a mu, oṣù mẹ́fà sí i.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Àǹtí ti ń sanra láti ìgbà Iléyá, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ sọ ọ́. Ọmọṣẹ́ tó ṣíwájú mi ṣojú ayé, ó rán èyí tó bá ara àtijọ́ mu. Gáùn ọ̀hún kò kọjá ìbàdí. Ọmọṣẹ́ náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀, ó ń ka oṣù. Ẹ̀rù bà mí gan-an, àmọ́ ohun tí ojú mi rí ni mo gé.

Lọ́jọ́ náà, Àǹtí wọ gáùn, ó yí níwájú dígí, ojú rẹ̀ le koko.

"Ṣé bí mo ṣe tóbi tó nìyí?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Àǹtí."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó nàró, ó jókòó. Ó wá mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ yìí! Ẹ rí i pé aṣọ fẹ́ fún mi pa láti Iléyá, ẹ panu mọ́!" Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti gbàdúrà fún mi, a ti ya fọ́tò, mo sì ń kọrin lọ sílé.

Aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń gbálẹ̀.

"Ta ló ní kó o wá?" Àǹtí ló dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Mo wo ìgbálẹ̀ ọwọ́ mi. Gbogbo ọdún mẹ́ta yẹn, n ò ronú ibi tí màá jí lọ. Omi lé sí mi lójú.

Àǹtí gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi.

"Ọ̀gá kì í gbálẹ̀ fún ọ̀gá," ó ní, ó sì fa àga àwọn oníbàárà sílẹ̀ fún mi.