Ìgò Ọtí Àgbá Ògúnkànmí

"Láwuyì, bá mi fọ́ ìgò yẹn. Má jẹ́ kí wọ́n fi mí purọ́."

Ọ̀rọ̀ tí Ògúnkànmí sọ kẹ́yìn fún àbúrò rẹ̀ nìyẹn, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ọláwuyì rò pé ibà ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ sinmi ná, bùọ̀dá. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ ó fọ́ ọ fúnra yín." Ògúnkànmí wò ó, ó pa ojú dé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti lọ.

Ẹni tí kò bá mọ Ògúnkànmí yóò máa bi ara rẹ̀ pé irú ìgò wo ló jẹ ẹni tó ń kú lọ lógún tó bẹ́ẹ̀.

Oníṣẹ́ táìsì ni Ògúnkànmí. Ìhà Ọ̀yọ́ ló ti wá, tòun ti pélé mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fi kọ́ ilé kékeré kan sí Ifo, iṣẹ́ náà ló sì kọ́ Ọláwuyì nígbà tí ìyẹn kọ̀ tí kò lọ síléèwé mọ́. Kì í ṣe ọ̀mùtí. Àmọ́ nígbà kan, ó bá ọkùnrin kan tó ti Amẹ́ríkà dé tẹ́ táìsì sílé ní Mowe. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọkùnrin yẹn nínú, ó bu ọtí kan fún un nínú ife kékeré. Ògúnkànmí fi ahọ́n kàn án. Ó wá ibi jókòó. Ó ní, "Àṣé omi ni mo ti ń mu láti ọjọ́ yìí!"

Ọtí àgbàdo ni. Wọ́n á rọ ọ́ sínú àgbá igi tí wọ́n ti fi iná yan inú rẹ̀, á wà níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Èyí tó pọ̀ jù lọ níbẹ̀, wọ́n á fi omi là á kí wọ́n tó rọ ọ́ sígò. Ṣùgbọ́n irú kan wà tí wọn kì í bomi là rárá. Bó ṣe ti inú àgbá jáde ló ṣe ń wọ inú ìgò. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń kó irú ìyẹn jáde, kì í sì í pọ̀. Tó bá ti tán, ó di àmọ́dún. Ọtí àgbá ni Ògúnkànmí ń pè é.

Bó ṣe di ọdẹ nìyẹn. Fóònù ni ìbọn rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ márosẹ̀ ni igbó rẹ̀. Nígbà mìíràn á pa ẹran, nígbà mìíràn á padà lọ́wọ́ òfo. Tó bá rí ọ̀kan rà, á mú irin tó fi ń gé táìsì, á fi ha ilà mẹ́ta sí ìdí ìgò náà, bíi pélé ojú ara rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Tó bá mu ún tán, á gbé ìgò lọ sẹ́yìnkùlé, á fọ́ ọ túútúú, á wá fi sìmẹ́ńtì to àfọ́kù rẹ̀ sórí ògiri ọgbà nítorí olè.

"Ẹ tà á," ni Ọláwuyì máa ń sọ. "Wọ́n ń ra òfìfo ìgò òyìnbó dáadáa."

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ṣé wọ́n fẹ́ rọ epo sínú ẹ̀ ni? Òmùgọ̀! Ìgò òyìnbó tó ṣófo tó sì wà láàyè, irọ́ ni yóò fi ìyókù ayé ẹ̀ pa."

Èyí tó mu kẹ́yìn nìkan ni kò fọ́. Àìsàn kò jẹ́. Orí pẹpẹ ní pálọ̀ ni ìgò náà wà tí wọ́n fi gbé e lọ sí ọsibítù.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán sí ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀, tí èrò túká, ọ̀rọ̀ yẹn wá ta Ọláwuyì lọ́kàn. Ó mú òòlù, ó wọ pálọ̀. Pẹpẹ mọ́ tónítóní.

"Ìyá Tìmílẹ́hìn, ìgò orí pẹpẹ dà?"

Wúràọlá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń tẹ́ aṣọ. Ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ kì í fojú rí ọtí, ọjọ́ pẹ́ tó ti fara da tọkọ rẹ̀. Ó ní, "Ìgò yẹn? Àwọn arábìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ló bá mi tún ilé ṣe. Ẹni tó ń ra ìgò kiri ń kọjá, la bá gbé e fún un. Ọkọ mi kékeré, ṣé ìgò ọtí ló yẹ kí pásítọ̀ bá nílé mi ni?"

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Ọláwuyì fi òòlù sápò, ó jáde.

Ó gbé e sọ́kàn pé bí òun kò bá rí ìgò fọ́, òun á wá ọtí. Ọtí àgbá tọdún yìí jáde nígbà tí àìsàn ti dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dùbúlẹ̀, Ògúnkànmí kò lè wá a. Iyẹ̀pẹ̀ pupa lásán ló wà lórí sàréè náà. Ẹbí ti fẹnu kò pé Sátidé ni wọn yóò da kọnkéré lé e, Ọláwuyì fúnra rẹ̀ ni yóò sì tẹ́ táìsì rẹ̀. Bí kọnkéré bá ti bò ó, kò sí ọtí tó lè kàn án mọ́. Kí Sátidé tó dé, ẹ̀gbọ́n òun gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò.

Ibafo tó ń gbé ló ti bẹ̀rẹ̀. Kò mọ ìwé kà dáadáa, àwòrán ìgò náà tó wà nínú fóònù ló ń fi han àwọn ọlọ́tí. Ọ̀kan ní òun kò rí irú ẹ̀ rí. Òmíràn ní, "Ọtí àgbàdo? Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́kọ!" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀kẹta gbé ìgò kan jáde tó jọ ọ́. Ọláwuyì ní kí wọ́n kán díẹ̀ sínú ìdérí, ó ṣáná sí i. Ìdánwò tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́ ọ nìyẹn: èyí tí wọn kò bomi là nìkan ni iná ń mú. Iná ìṣáná kú fìn-ín. Ó ṣá òmíràn, ó tún kú.

"Ṣé o fẹ́ mutí ni àbí o fẹ́ dáná?" ni ọlọ́tí náà wí.

Ó kọjá sí Mowe, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọmọlabí, tí Ògúnkànmí máa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìyẹn ṣe gbọ́ orúkọ, ó pàtẹ́wọ́.

"Ìwọ ni àbúrò Kànmí? Háà, ọkùnrin yẹn dààmú mi láyé yìí! Á ní kí n ṣí ọtí kí òun ṣáná sí i. Mo ní, 'Kànmí, bí ṣọ́ọ̀bù mi bá jóná, ìyàwó kejì ni wàá fi mí ṣe o!' Òun náà dà? Ó ti pẹ́ tí mo rí i."

"Wọ́n ti kú, mà."

Ọmọlabí fi etí ìborùn rẹ̀ nu orí káńtà tí kò dọ̀tí. Ó wá ní, "Ìgò méjì péré ló tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́dún yìí. Mo fi pa mọ́ dè é. Kò wá, kò pè. Olówó kan wá rán dẹ́rẹ́bà ẹ̀, ló bá kó méjèèjì. Kókà-Kólà ló fi ń lú u mu!"

Ọláwuyì dì mọ́ káńtà. Kókà! Ohun tí wọ́n ṣọ́ra kí omi má kàn láti ọdún gbọọrọ.

"Mú ṣínáàpù lọ," ni Ọmọlabí wí. "Òun náà ni gbogbo ayé ń lò. Òkú kì í yan ọtí."

"Tiwa yìí ń yàn, mà."

Ọkùnrin kan ní Ọ̀fàdà sọ lórí fóònù pé òun ní in. Ọláwuyì gun ọ̀kadà nínú òjò, ẹrẹ̀ bò ó dé orúnkún. Ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Ó pe ọkùnrin náà, ìyẹn ní òun ń bọ̀. Ó tún pè é, wọ́n ti pa fóònù. Ó dúró lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ oníṣọ́ọ̀bù títí tí àwọn ewúrẹ́ fi wá bá a dúró. Ó bú ọkùnrin náà. Ó bú òjò. Ó bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàápàá, tí kò lè fẹ́ràn bíà bíi ti gbogbo èèyàn, kí ọ̀rọ̀ lè rọrùn.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló gbọ́ nípa Káyọ̀, tó ní ṣọ́ọ̀bù kótópó kan lẹ́yìn ọjà Ifo. Ọmọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ni. Ó fi ọwọ́ wá ìsàlẹ̀ káńtà, ó fa náílọ́ọ̀nù dúdú kan yọ, ó ká a dé ọrùn ìgò. Ìgò náà ni. Àwọ̀ ọtí náà pọ́n bí oyin, òǹtẹ̀ orí rẹ̀ wà digbí.

"Mo fẹ́ ṣáná sí i."

"Tí mo bá ṣí i, o ti rà á nìyẹn. Tó ò bá lówó ẹ̀, sọ fún mi kí n dá a padà sínú ilé ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀kọ mímu, bọ̀bọ́."

Gbogbo owó iṣẹ́ ilé kan tí Ọláwuyì ṣe ní Òkè-Àrò ló lọ síbẹ̀. Káyọ̀ ṣí i, ó kán díẹ̀ sínú ìdérí. Ọláwuyì ṣáná. Iná gbà á, iná búlúù, ó ń jó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìgbà yẹn ni eyín rẹ̀ kọ́kọ́ hàn síta.

"Ṣé o ti rí i?" ni Káyọ̀ wí. "Èmi kì í purọ́."

Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀ nígbà tó dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn àpò sìmẹ́ńtì tọ̀la wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó lóṣòó síbi sàréè. Ó ní, "Bùọ̀dá, mo rí i o. Ẹ bá mi tọ́ ọ wò." Ó gbé ìgò náà sókè, ó fẹ́ dojú rẹ̀ délẹ̀.

Oòrùn wọ ìdí ìgò. Ilà mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

Ó dáwọ́ dúró. Ó yí ìgò náà padà, ó fi èékánná tọ́ àwọn ilà náà. Èyí tó wà láàárín gùn díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, bíi ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ògúnkànmí gan-an. Ó da ọtí díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ra ọwọ́, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Òórùn ẹmu ọ̀pẹ. Ògógóró ni, tí wọ́n fi ṣúgà jíjó pa láró. Ògógóró tí wọn kò bomi là náà ń gba iná. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò kọ́ ọ débẹ̀.

Ó pe Káyọ̀. "Ayédèrú lo tà fún mi!"

"Ayédèrú báwo? Ṣé iná ò mú un ni? Ṣebí ìwọ lo ṣáná sí i!" Káyọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó pa fóònù.

Ọláwuyì kò ní okun ìjà. Iṣẹ́ ilé kan, òjò Ọ̀fàdà, gbogbo ìlẹ̀kùn tó kàn, ìgò tí òun ìbá fi òòlù pa lẹ́ẹ̀kan ló ń wá kiri.

Wúràọlá jáde wá da omi nù. Ó rí i, ó rí ìgò. Ọláwuyì ń retí ìbínú. Obìnrin náà kẹ̀yìn sí i.

"Mo mọ̀ pé ọtí ni. Bó o bá fẹ́ dà á fún un, dà á. Èmi ò rí ọ."

"N ò dà á mọ́, mà."

"Kí ló dé?"

"Kì í ṣe tiwọn."

Wúràọlá bojú wẹ̀yìn, ó tẹjú mọ́ ìgò náà. "Ó jọ èyí tó wà lórí pẹpẹ nígbà yẹn."

Ọláwuyì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìdí ìgò. "Gbogbo wọn ló jọra."

"Mo ro ọkà," ni Wúràọlá wí. "Wọlé wá jẹun tó o bá ṣe tán." Ó wọlé lọ.

Ọláwuyì da ògógóró náà sí gọ́tà. Ó fi àpò sìmẹ́ńtì tó ti ṣófo wé ìgò náà, ó mú òòlù, ó lù ú. Ara ìgò tètè fọ́. Ìdí rẹ̀ nìkan ló ń ṣagídí. Ó lù ú, ó tún lù ú, títí ilà kan kò fi mọ ibi tí èkejì wà.

Ó po sìmẹ́ńtì díẹ̀, ìwọ̀n tó lè kún ife. Ibi kan ṣì wà lórí ògiri ọgbà, ní igun ẹ̀yìn, tí Ògúnkànmí kò rí ìgò tò dé. Ó gbé búlọ́ọ̀kù kan sílẹ̀, ó gùn ún. Àfọ́kù kan gé e lọ́wọ́, ó fi ìka náà sẹ́nu, ó mú òmíràn. Ó ń fi wọ́n gún sìmẹ́ńtì tútù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu mímú sókè, ó sì ń fi ṣíbí ìkọ́lé rẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó lè dọ́gba.