Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Wọ́n Fi Gbé Mi Lọ Ọsibítù ní Ṣáínà

Mẹkáníìkì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ni mí, ní Igbó-Ọrà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, àmọ́ mo ka ìkẹrin lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lè pè é ní méje.

Nígbà ìjọba sójà, Alájà kan tó ń ta ẹ́ńjìnnì l'Érúwà mú mi lọ sí Ṣáínà nítorí etí mi, tó máa ń gbọ́ àìsàn inú ẹ́ńjìnnì. Àwọn ẹ́ńjìnnì tó kó wá ṣáájú, orí wọn sán, àwọn obìnrin onígàárì sì kó wọn padà wá síwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Ìbejì, bí tọ̀tẹ̀ yìí bá tún sán, mo ti ti ṣọ́ọ̀bù pa nìyẹn. Etí yín ni mo gbójú lé."

Ìlú tí a dé, ọ̀pá èéfín ibẹ̀ pọ̀ ju ọ̀pẹ oko wa lọ. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá mi. Èrò rọ́ jáde níbẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, aṣọ búlúù kan náà lọ́rùn gbogbo wọn. Mo ní gbogbo ìlú rèé. Wọ́n ní àwọn tó ṣe ṣíìfùtù àárọ̀ nìkan ni. Mo lanu, mi ò rántí pa á dé títí Alájà fi ní èéfín á kún inú mi.

Ní géètì ilé iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì tí a wá, bàbá arúgbó kan dúró, irun ẹ̀ funfun. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo ní akọ̀wé ni. Ara mi ò gbà kí n na ọwọ́ sí bàbá tó tó bàbá mi í bí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tòun ti kóòtù tí mo yá.

Mi ò tíì kí wọn tán tí àwọn èèyàn ibẹ̀ fi kígbe. Wọ́n rò pé mo dákú. Ọkùnrin mẹ́rin gbé mi lápá, gbé mi lẹ́sẹ̀. Gbogbo èdè Òyìnbó tí mo gbọ́ sá kúrò lẹ́nu mi. Inú ilé iṣẹ́ náà ni wọ́n kọ́ ọsibítù sí. Nọ́ọ̀sì ń tú bọ́tìnnì mi nígbà tí Alájà wọlé pẹ̀lú ògbufọ̀ wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

"Géètìmáànì lẹ dọ̀bálẹ̀ fún," ni Alájà wí. "Ọmọbìnrin yẹn ni máníjà. Ẹ ò tiẹ̀ wojú ẹ̀."

"Àgbà ni wọ́n, Alájà."

"Wọ́n ní aláìsàn ò gbọdọ̀ wọ ibi ẹ́ńjìnnì. Ọ̀sán yìí ni mo sì máa sáìn ìwé ọjà. Etí ta ni kí n wá yá?"

Ògbufọ̀ jáde lọ ṣàlàyé fún bàbá géètì pé ìkíni ni mo kí i. Bàbá wọlé, ó wò mí pẹ́, ó dì mí lọ́wọ́ mú, a gba iwájú nọ́ọ̀sì kọjá lọ síbi ẹ́ńjìnnì. Àṣé òun ló ń yọ́ irin da orí ẹ́ńjìnnì níbẹ̀ kó tó dàgbà débi géètì. Òun fúnra ẹ̀ ló ń ṣíná sí àwọn ẹ́ńjìnnì fún mi. Èyí tí wọ́n kùn ní pupa, tí Alájà ti fẹ́ràn, ń húkọ́ nínú. Mo mi orí. Bàbá náà mi orí. Ìkẹta ò ní ọ̀dà dáadáa, àmọ́ ohùn ẹ̀ mọ́. Àwa méjèèjì gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Máníjà wò wá, ó ní kí wọ́n kọ irú ẹ̀ sínú ìwé ọjà. Alájà sáìn.

Ẹyọ kan ò sán nínú àwọn tó kó délé.

Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí à ń kúrò nílé iṣẹ́ náà, mo yà kí bàbá ní géètì. Mi ò tíì tẹ̀ dé orúnkún tí mo fi rí i pé máníjà ti ní kí wọ́n gbé àga sẹ́yìn mi, bóyá mo tún fẹ́ dákú.