"Unfortunately" tún ti dé

Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ṣoṣo ló ba àárọ̀ mi jẹ́: "unfortunately."

Ibi tí mo ti lọ ṣe intaviu ló fi email ránṣẹ́. Mummy mi, tí wọ́n ń ta ata ní Mile 12, kọ́kọ́ gbọ́wọ́ lé fóònù mi, wọ́n gbàdúrà sí i kí n tó ṣí i. Bí a ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Mo kà á.

"Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn tún wà níbẹ̀?" Mummy mi bi mí.

"Ó wà níbẹ̀, mà."

"Kí ló tiẹ̀ túmọ̀ sí gan-an?"

"Pé ó ṣe wọ́n láàánú."

"Tí àánú ẹ bá ṣe wọ́n, ṣebí wọ́n á gbà ẹ́ síṣẹ́."

N ò sunkún. Mo fa apẹ̀rẹ̀ ata Mummy mi mọ́ra, mo ń bá wọn ṣa èyí tó ti jẹrà kúrò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba "unfortunately" tiyín rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá Mummy mi lóhùn.