Ìgbà Tí Ọdẹ Orí Yọ Mí Kúrò Nínú Àáró

Mo ń kọ ebè lọ́wọ́ ní oko Dáníẹ́lì, òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ ni, nígbà tí nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú orí mi. Ó gbéra láti ìpàkọ́, ó ń bọ̀ níwájú orí, bí ìgbà tí kòkòrò bá wọ abẹ́ fìlà. Mo ṣí fìlà, mo gbọn orí, mi ò rí nǹkan kan. Kò pẹ́ ni gbogbo ara ń ta mí bí ẹni tí wọ́n fi ata pa lára. Mo kọ ebè mẹ́ta sí i, mo fi ọkọ́ sílẹ̀, mo jókòó.

Èrúwà ni ilé mi. Ìgbà tí sọ́jà ń ṣèjọba ni mò ń sọ yìí. Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣe àáró: a ó pawọ́ pọ̀ ṣe oko ẹnì kan tán, a ó bọ́ sí ti ẹlòmíràn, títí yóò fi kárí. Ògúndélé, ọdẹ ni, Ògún ló ń bọ. Dáníẹ́lì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Kòkú jẹ́ Ègùn tó wá ṣàgbẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Mùsùlùmí ni èmi. A kì í fi ẹ̀sìn jà. Ẹni tó bá pẹ́ dé oko là ń bá jà.

Mo kọ́kọ́ pè é ní ibà. Mo ra oògùn ibà, mo lò ó tán, ohun tó ń rìn kò lọ. Oorun kọ̀ mí, èmi tí ìyàwó mi máa ń fi híhanrun bú. Àárọ̀ ló burú jù. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á dà bíi pé wọ́n gbé àpò gbágùúdá lé mi láyà. Oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi, ẹ̀fẹ̀ ò pa mí lẹ́rìn-ín, ẹkún a sì máa gbọ̀n mí láìnídìí. Mo ti sin ẹ̀gbọ́n mi lọ́dún tó ṣáájú, mo sì rò pé mo ti sunkún rẹ̀ tán. Bóyá ibẹ̀ ló ti wá, bóyá kì í ṣe ibẹ̀. Mi ò mọ̀ títí dòní, mo sì ti yéé wádìí ẹ̀.

Àwọn àgbà ń pe ohun tó ń rìn yìí ní ọdẹ orí, pé ó ń rìn nínú orí ènìyàn bí ọdẹ ṣe ń rin igbó. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí lójú tiwa, ẹni tí ọdẹ orí bá ń ṣe, wèrè ló kù. Mo bò ó mọ́ra. Mo sọ fún àwọn tí a jọ ń ṣe àáró pé ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ hàn sí gbogbo èèyàn, wọ́n dìde láti ràn mí lọ́wọ́. Ààfáà wa fún mi ní hàǹtú mu, omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì lára wàláà, ó sì kìlọ̀ fún ìyàwó mi pé kò gbọdọ̀ fi èmi nìkan sílẹ̀. Ògúndélé gbé àgbo ìwẹ̀ wá. Ṣọ́ọ̀ṣì Dáníẹ́lì gbàdúrà. Kòkú ò mú nǹkan kan wá. Á kàn jókòó tì mí, á máa lé eṣinṣin lára mi. Mi ò ní í bú ẹnì kan nínú wọn láéláé.

Ṣùgbọ́n wọ́n tún ṣe nǹkan kan, ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n bá mi kọ ebè, wọ́n bá mi gbin iṣu, wọ́n bá mi ro oko. Bó bá wá di oko tiwọn, wọn kì í pè mí. "Sinmi," ni gbogbo ẹnu ń wí. Ìyàwó mi gba garawa omi lọ́wọ́ mi. Ràṣídì ọmọ mi gba okùn ewúrẹ́. Ni mo bá ń jókòó sídìí ògiri látàárọ̀ dalẹ́, bí ẹni tí wọ́n ti pín ogún rẹ̀ tán tó kàn ku kó kú.

Lọ́jọ́ kan, mo sọ fún ìyàwó mi pé ó wù mí kí n sùn, kí n má jí mọ́. Ó wọlé, ó wé gèlè, ó jáde. "Ẹ dìde, Bàbá Ràṣídì. Igbó-Ọrà là ń lọ."

Ní ilé ìwòsàn ìjọba níbẹ̀, mo fa fìlà bojú kí ará ilé kan má rí mi. Obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ìborùn bo tirẹ̀. Ìgbà tí a jọ ṣí ojú wo ara wa, àṣé ìyá tó máa ń ra iṣu lọ́wọ́ mi ní ọjà Lánlátẹ̀ ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ẹ rí mi níbí o," ó wí.

"Ẹ̀yin náà rí mi ni?" ni mo fi dá a lóhùn.

Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara tù mí díẹ̀. Oòrùn ti kan àtàrí kó tó kàn mí.

Nọ́ọ̀sì tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi ò fi mí ṣẹ̀sín. Ó wò mí lójú, ó ní, "Bàbá, ṣé ó máa ń wù yín kí ẹ kú?" Kò sẹ́ni tó bi mí rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì bú sẹ́kún lójú ìyàwó mi. Nọ́ọ̀sì ní àìsàn ni, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lorúkọ rẹ̀, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe wèrè. Ìbànújẹ́ lásán a máa wá, a máa lọ. Èyí máa ń dúró ni, á mú oorun, á mú oúnjẹ, á mú okun ara. Dókítà kọ oògùn alaalẹ́ fún mi. Ó gbẹ mí lẹ́nu bíi gaàrí, ìgbẹ́ ò sì fẹ́ jáde. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kò ṣe mí ní oore kan. Mo fẹ́ dà á nù. Ìyàwó mi ló gbà á pamọ́, tó ń fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni oorun padà. Oúnjẹ tẹ̀lé e. Ohun tó ń rìn lórí dẹwọ́. Síbẹ̀, ìdí ògiri ni mo wà.

Nọ́ọ̀sì yìí gun máṣíìnì wá wò mí nílé, ó bá àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n ń ti oko mi bọ̀. Ó kí wọn dáadáa, ó wá bi wọ́n léèrè: "Ìgbà wo ló máa kàn án láti wá sí oko tiyín?"

Ògúndélé la ojú. "Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?"

"Ẹ jẹ́ kó kọ ebè kan. Bó bá kọ ọ́ tán, kó jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ máa pè é."

Inú bí mi sí obìnrin yẹn. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ìyẹn ni òótọ́ ibẹ̀. Bí mi ò bá lè kọ ọ́ ńkọ́?

Wọ́n pè mí. Ní oko Kòkú, mo kọ ebè méjì, mo jókòó. Ògúndélé ní, "O ṣeun, o káre," bí ẹni ń rẹ ọmọ. Ó dùn mí ju àìsàn lọ. Ní ọjọ́ kejì mo kọ mẹ́rin. Báyìí la ṣe ń bá a lọ títí òjò fi fẹ́ẹ́ tán. Ọjọ́ kan ní oko Ògúndélé fúnra rẹ̀, ó ṣàdédé gbé ọkọ́ sọ́rùn, ó dúró lé mi lórí. "Kí lèyí tó wọ́ gbágungbàgun yìí? Ebè ni àbí o fẹ́ sin ewúrẹ́? Tú u, jàre!" Ó gbọ́ ohun tó sọ, ó pa ẹnu dé. Ẹ̀rín ló pa mí. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Mo ní ilẹ̀ ẹ ló wọ́, mo sì tú ebè náà, mo tún un kọ.

Mo lo oògùn mi tán bí wọ́n ṣe ní kí n lò ó. Ara yìí ti sìn mí láti kékeré, mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí àfi ìgbà tó dá iṣẹ́ sílẹ̀. Bí oorun bá dá lójú mi lọ́jọ́ méjì báyìí, Igbó-Ọrà ni mò ń gbà lọ, mi ò sì fi fìlà bojú mọ́. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ bá wà ní irú ipò yìí, ẹ gbé e lọ ibi ìwòsàn, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ tán.

Nígbà tó kan oko tèmi lọ́dún náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé kí ìrì tó gbẹ. Ìyàwó mi gbé ẹ̀kọ àti àkàrà wá, ó sì kúnlẹ̀ kó máa dúpẹ́ pé wọ́n tún wá ran ọkọ òun lọ́wọ́.

"Ìyá Ràṣídì, ẹ dìde," Ògúndélé wí. "Ta ló wá ràn án lọ́wọ́? Àáró rẹ̀ la wá san."

Mo yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sunkún. Ẹkún ọjọ́ yẹn kì í ṣe àìsàn.