Ìyá Mi Nínú Ìkòkò Orí Àpáta

Kò sí bí èèyàn ṣe lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìyá mi tí kò ní rí ìkòkò náà. Ọmọ ìlú wa kan tí Ọlọ́run bù kún ló kọ́ ọ sórí àpáta: ilé gíga tí wọ́n mọ bí ìkòkò ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, tó ní àtẹ̀gùn nínú. Béèyàn bá gùn ún dé ọrùn, á máa wo ọ̀dàn títí dé ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ. Orí àpáta yẹn làwọn ìyá wa ti ń sá àgbàdo tí wọ́n rẹ títí tó fi hù, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ fi pọn ọtí.

Nígbà tí ọkùnrin tó kọ́ ilé náà ń wá ẹni tó pọn ọtí yẹn rí, kí wọ́n lè ya àwòrán rẹ̀ síbẹ̀, èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́ ní, "Ìyá mi ni." Mo tún fún un ní fọ́tò. Ẹyin lọ̀rọ̀. Kí n tó mọ̀, ayàwòrán ti ya ìyá mi sára ògiri inú ìkòkò, pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́, àbàjà ojú wọn hàn ketekete.

Bẹ́ẹ̀, ìyá mi ti di Àlàájà, àwọn sì ni olórí àsálátù àdúgbò wa. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n ṣí ilé náà, wọn ò lọ sí àsálátù. Lọ́sẹ̀ kejì, wọn ò lọ. Ọkàn mi dàrú. Mo ní mo ti dójú ti ìyá tó bí mi. Ta ló sì máa dá ọ̀rọ̀ ọtí sílẹ̀ níwájú Àlàájà? N ò bi wọ́n. Mo lọ bẹ ayàwòrán, ó fi ẹfun kun àwòrán náà.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, mo bá àwọn obìnrin àsálátù nílé wa. Ìyá mi ti wọ aṣọ Mẹ́kà wọn.

"Orúnkún yìí ló dá mi jókòó látọjọ́ yìí," ni wọ́n sọ fún mi. "Ó ti fúyẹ́ díẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní àfi káwọn bá mi lọ wo ara mi lára ògiri."

Mo tẹ̀lé wọn. Wọ́n ń gun àtẹ̀gùn, wọ́n ń sinmi, títí a fi dé iwájú ògiri funfun báláú. Ìyá mi fọwọ́ pa á, ẹfun lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n wo ojú mi.

"Mo rò pé ojú ń tì yín ni, Ìyá."

"Èmi kọ́," ni wọ́n wí. "Ọtí yẹn ni mo fi rán ẹ lọ sílé ìwé. Ìwọ lojú ń tì."

Wọn ò purọ́ mọ́ mi. Mo na ọwọ́ sí wọn ká lè jọ sọ̀kalẹ̀. Ọwọ́ obìnrin tó wà lẹ́yìn mi ni wọ́n dì mú.