Oúnjẹ Ilé Onílé ní Kolkata

Inú ti ń bí mi kí ọmọ náà tó gbéra, mo sì ní ẹ̀rí. Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì kó tó sọ fún mi. Bàbá rẹ̀ mọ̀, ó panu mọ́. Nígbà tí mo bi í, ó ní òun rò pé mo ti gbọ́. Lẹ́nu ta ni? Ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, ló gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn bí ìgbín, ó ní òun ń lọ wo Kolkata ní ilẹ̀ Íńdíà. Mo ní ta ló mọ̀ níbẹ̀. Ó fèsì lédè Gẹ̀ẹ́sì, bó ṣe máa ń ṣe nílé wa ní Mesquite, lẹ́bàá Dallas ní Amẹ́ríkà, pé òun kò mọ ẹnì kankan, pé ohun tó wu òun níbẹ̀ gan-an nìyẹn.

Lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú, bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀, èmi ń ka òfin. Olórí rẹ̀ ni èyí tí mo ti ń sọ fún un láti kékeré: má jẹun nílé onílé. Òbí Yorùbá tó bá ní òun kò sọ ọ́ rí, irọ́ ló ń pa. Bí àgbàlagbà bá gbé oúnjẹ fún ọ, kúnlẹ̀, dúpẹ́, kí o ní o ti yó. Èyí tí o bá fowó ara rẹ rà, ìyẹn kò kàn mí.

Ó débẹ̀, ó gba yàrá lọ́wọ́ opó àgbàlagbà kan tó ń gba àlejò sílé, inú rẹ̀ sì dùn ju bó ṣe yẹ lọ lójú mi. Ojoojúmọ́ ló ń fi fọ́tò ránṣẹ́. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń rọra rìn láàárín títì, tí àwọn èèyàn ń fò bọ́ sílẹ̀ kó tó dúró. Ó rí àdúgbò tí wọ́n ti to ìwé àlòkù ga ju orí èèyàn lọ. Ó ń mu tíì nínú ife amọ̀ tí wọ́n máa ń sọ nù tí wọ́n bá mu ún tán. Ó ní pẹ̀lú ariwo fèrè ọkọ̀ níta, kò ṣe òun bíi pé òun dá wà rí.

Lójijì, fọ́tò ò wá mọ́. Mo pè láàárọ̀, mo pè nírọ̀lẹ́, kò gbé e. Bàbá rẹ̀ ní bóyá ó ń gbádùn ara rẹ̀ ni. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Apòògùn ni mí. Gbogbo ohun tó lè ṣe ọmọ lẹ́yìn odi ni mo mọ̀ lórúkọ, mo sì ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lójú títì márosẹ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ páàkì níbi iṣẹ́ ni ìpè wọlé. Nọ́ńbà ọmọ mi ni, ohùn obìnrin mìíràn ni.

Ìyá onílé ni. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé pé oúnjẹ ẹ̀gbẹ́ títì ló da inú ọmọ náà rú, ó ń yàgbẹ́ gbuuru. Òun ti se ìrẹsì rírọ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀wà wẹ́wẹ́ ilẹ̀ wọn.

"Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé e wọlé, á kúnlẹ̀, á dúpẹ́, á ní òun ti yó. Kí ló jẹ tó fi yó? Àbí ó rí ìdọ̀tí nínú ìkòkò mi?"

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ̀sùn kan èèyàn. Ẹ̀sùn tirẹ̀ ò lábùkù.

Mo bi í: ṣé ara rẹ̀ gbóná? Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀? Ó ní rárá sí méjèèjì. Ṣé ó ń mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà? Ó ní òun fúnra òun ló ń pò ó fún un. Mo wá rí èémí mí. Ebi ló kù. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ gbé fóònù fún un.

"Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ ní kí n má jẹun nílé onílé." Yorùbá ló fi sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Mo ní kí o febi para ẹ ni?"

"Ẹ ò sọ ti àìsàn."

"Mo ti ń sọ ọ́ báyìí. Jẹ ẹ́."

"Ṣé ẹ̀ ń bínú ni?"

"Mò ń bínú. Jẹ ẹ́."

Mo ní kí wọ́n má pa fóònù. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mò ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ Kolkata láti ojú fèrèsé, mò ń gbọ́ ṣíbí lára abọ́. Ìyá náà ń sọ èdè tí mi ò gbọ́, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ó ń sọ pé ó ku ṣíbí kan péré. Nígbà tí ọmọ mi béèrè fún òmíràn, mo nu ojú mi, mo wọlé lọ ṣiṣẹ́.

Ara rẹ̀ yá. Ó fi ọ̀sẹ̀ kan kún ìrìn àjò náà láìbéèrè lọ́wọ́ mi. Nígbà tó jáde ní pápákọ̀ òfurufú Dallas, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún. Mo bá a wí lórí ọ̀sẹ̀ kan yẹn títí a fi dé Mesquite. Kò gbọ́ ọ̀kankan. Oorun ti gbé e lọ lẹ́yìn ọkọ̀.