Ìwé Tó Ti Yege Tẹ́lẹ̀

Bí mo bá wa mọ́tò gòkè lọ tọ́jú àgùntàn Dobrila Stamenić, kì í kí mi. Á fọwọ́ tọ́ka sí ọgbà ẹran, á wọlé, á sì se kọfí tí kò ní í bù fún mi. Àwọn ará abúlé ní ìgbéraga ló ń dà á láàmú. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Mo mọ ohun tó ń ṣe é, torí mo wà níbẹ̀, ojú sì ń tì mí títí dòní.

Yàrá kan náà la jọ gbé nílé akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí à ń kọ́ ìṣègùn ẹran. Ọmọ darandaran ni, ọpọlọ rẹ̀ sì jí ju tèmi lọ fíìfíì. Inú a máa bí mi sí i nígbà mìíràn. Ìjọba ló ń rán an níwèé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kẹta wa, ìdánwò kan ṣoṣo ló kù fún un, ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Pešikan. Bó bá fìdí rẹmi níbẹ̀, ìjọba á jáwọ́, ó di ìdí àgùntàn bàbá rẹ̀ nìyẹn.

Gbogbo wa la mọ àṣà Pešikan. Ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ lo gbọ́dọ̀ gbé wá síwájú rẹ̀, á sì buwọ́ lu ojú ewé àkọ́kọ́, kí ẹlòmíràn má baà fi ìwé náà ṣèdánwò mọ́. Dobrila mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Síbẹ̀, ìwé Vidoje ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé lọ. Vidoje ti yege ní ọdún márùn-ún ṣáájú, kí odò tó gbé e lọ. Etí ìwé náà kún fún ìkọ̀wé rẹ̀, títí kan yẹ̀yẹ́ tó fi ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe. Mo sọ fún Dobrila pé kó wá tuntun. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló ń kọ́ òun nínú ìwé yẹn, àti pé bí òun bá dáhùn dáadáa, Pešikan kò ní í wo ojú ewé àkọ́kọ́.

Èmi ló kàn lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà mo ti jókòó sínú yàrá, mò ń gbọ́. Dobrila fa bébà kan tí ìbéèrè mẹ́ta wà nínú rẹ̀ yọ lórí tábìlì, ó sì fẹnu dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìkọsẹ̀. Pešikan nawọ́ gba ìwé. Ó ṣí i.

"Ẹlẹgbẹ́ mi," bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa ń pe akẹ́kọ̀ọ́, àgàgà bí wọ́n bá fẹ́ pa á, "ìwé yìí ti yege tẹ́lẹ̀."

"Ti ẹ̀gbọ́n mi ni, ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ti kú."

Ó ní òun rántí Vidoje, àánú lòun fi gbé e kọjá. Ó ṣí ewé kan, ó rí yẹ̀yẹ́ náà, ó kà á, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kì í ṣe ìkà. Bí Dobrila bá gbà kí òun ya ìwé yẹn dànù, òun á fún un ní máàkì tó tọ́ sí i.

Dobrila wò mí. Ìwé tuntun tèmi, tí Pešikan kò tíì buwọ́ lù, wà nínú báàgì mi, mo sì lè nà án sí i. Mo wolẹ̀. Nígbà náà ló mi orí pé òun gbà.

Pešikan ń ya á ní ewé kọ̀ọ̀kan sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, kò kánjú rárá. Nígbà tó tán, ó kọ máàkì, ó sì kà á jáde: márùn-ún. Lọ́dọ̀ wa, láti orí mẹ́fà dé mẹ́wàá ni ẹni tó yege ń gbà.

"Ohun tó tọ́ sí ẹ nìyẹn. Ẹni tó lè ta ìkọ̀wé òkú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ torí máàkì, ta ló máa fi màlúù ẹ̀ sí i lọ́wọ́? Máa lọ sílé, ẹlẹgbẹ́ mi."

Dobrila kò sunkún. Ó kúnlẹ̀ sídìí apẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ máa ṣa ewé. Pešikan ní kó fi wọ́n sílẹ̀, ìdọ̀tí ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n. Ó fi wọ́n sílẹ̀, ó jáde, kò ti ilẹ̀kùn.

Ó wá kàn mí. Mo dáhùn ìbéèrè méjì, mo ṣi ẹ̀kẹta. Pešikan buwọ́ lu ìwé mi, ó fún mi ní mẹ́jọ. Dobrila dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wò wá, nígbà tí mo dìde, tí mo tẹrí ba, tí mo ní, "Ẹ ṣé gan-an, ọ̀jọ̀gbọ́n."